Bọ́ọ̀lù Pupa àbí Bọ́ọ̀lù Funfun: Ìfiwéra fún Ọ̀dọ́ tó Fẹ́ Fi Kíríkẹ́ẹ̀tì Jẹun ní England

Ọ̀dọ́ tí káńtì kan (ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì tó ń ṣojú àgbègbè kan) ní England bá fún ní àdéhùn àkọ́kọ́ kì í pẹ́ tí ìbéèrè kan á fi dé bá a. Ṣé eré ọlọ́jọ́ mẹ́rin, tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù pupa gbá, ni yóò gbájú mọ́, àbí eré kúkúrú ti bọ́ọ̀lù funfun, èyí tí àwọn líìgì ń torí rẹ̀ ṣe gbàǹjo èèyàn? Ìran tó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ṣáájú 2003, ọdún tí Twenty20 Cup bẹ̀rẹ̀, kò mọ ìbéèrè yìí rárá. Káńtì ló ń sanwó, ohun tí káńtì bá sì gbé síwájú ẹni lèèyàn ń gbá. Lónìí, ẹni tó ní àdéhùn fún méjèèjì wà, ẹni tó ní ti bọ́ọ̀lù funfun nìkan wà, ẹni tí kò ní káńtì kankan tún wà, tó jẹ́ pé láti pápákọ̀ òfurufú kan bọ́ sí òmíràn ni àpò báàtì rẹ̀ ń lọ.

Èrò tiwa kò ṣòro láti sọ. Owó kọ́ ló yẹ kó yan ọ̀nà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 23. Ara rẹ̀ ló yẹ kó yàn án, àti irú iṣẹ́ tó ń ṣe lórí pápá. Bí ara bá gba méjèèjì, kó fọwọ́ sí méjèèjì. Àwọn kan wà tí ìmọ̀ràn yìí kò bá mu, a ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Eré méjèèjì

County Championship ni ilé bọ́ọ̀lù pupa. Káńtì 18 ló wà níbẹ̀, 10 ní Division One, 8 ní Division Two. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá eré 14 láàárín April sí September, ọjọ́ mẹ́rin ni eré kan, over 96 ló sì yẹ kí wọ́n jù lóòjọ́ bí òjò kò bá dá wọn dúró. (Over kan, bọ́ọ̀lù mẹ́fà.) Ẹni tó borí gba máàkì 16, ẹni tó ta ọ̀mì gba 8. Ìdí nìyẹn tí bátímáànì (ẹni tó ń fi báàtì gbá bọ́ọ̀lù) tó dúró láti àárọ̀ ọjọ́ kẹrin títí di ìrọ̀lẹ́ láì gbá ju ayò 40 lọ fi lè jẹ́ akọni ọjọ́ náà. Láti inú Championship ni wọ́n ti ń yan èèyàn sí Test, eré ọlọ́jọ́ márùn-ún.

Ní ti bọ́ọ̀lù funfun, T20 Blast wà, over 20 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. The Hundred wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní July 2021: bọ́ọ̀lù 100, ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí kì í ṣe káńtì. Lẹ́yìn náà ni àwọn líìgì òkèèrè: IPL ní India, Big Bash ní Australia, SA20 ní South Africa, ILT20 ní Dubai àti Abu Dhabi, àti àwọn mìíràn. Eré olóver 50 ṣì wà, ṣùgbọ́n August ni wọ́n ń gbá One-Day Cup ti àwọn káńtì, nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù ti lọ sí The Hundred, nítorí náà kò sí ẹni tó ń fi òun nìkan jẹun.

| | Bọ́ọ̀lù pupa | Bọ́ọ̀lù funfun |
|---|---|---|
| Ohun tí ajubọ́ọ̀lù kan lè jù lóòjọ́ | Over 20 sí 25 kì í ṣe tuntun, ìyẹn bọ́ọ̀lù 120 sí 150 | Kò lè ju bọ́ọ̀lù 24 lọ ní T20, 20 ní The Hundred |
| Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń lò | Dukes, lọ́pọ̀ ìgbà | Kookaburra |
| Bátímáànì tó dáa | Ìpíndọ́gba ayò 35 sí 40 kó tó jáde | Bí ayò 150 lórí bọ́ọ̀lù 100 |
| Ajubọ́ọ̀lù tó dáa | Wíkẹ́ẹ̀tì kan (lílé bátímáànì kan jáde) kò ná an ju ayò 27 lọ | Over kan kò ná an ju ayò 8 lọ |
| Bí owó ṣe ń wọlé | Oṣooṣù, ọdún kan sí mẹ́ta | Líìgì sí líìgì, gbàǹjo sí gbàǹjo |

Ẹ̀yìn ajubọ́ọ̀lù oníyára

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ajubọ́ọ̀lù oníyára á sáré wá, á fò, á sì fi ẹsẹ̀ iwájú gúnlẹ̀ gbàgà. Ìwúwo tó bọ́ sórí ẹsẹ̀ yẹn lásìkò náà ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni ìbàdí rẹ̀ ń yí, ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Egungun tó ń ru ìyà náà wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ léraléra láìsí ìsinmi, egungun yẹn á sán. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù, apá òsì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó ń fi òsì jù, apá ọ̀tún ni.

Bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rèé: ìrora ibì kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, tí èèyàn lè fi ìka kan tọ́ka sí. Ó ń dùn ún bó bá ju bọ́ọ̀lù, ó ń lọ bó bá sinmi ọjọ́ méjì, ó sì tún ń padà wá. Bó bá fi ẹsẹ̀ kan dúró tó tẹ̀ sẹ́yìn, á dùn ún gan-an. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á pè é ní iṣan tó ń ro, wọ́n á fi òróró pa á, ọmọ náà á sì padà sórí pápá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé X-ray níbí, nítorí ó sábà máa ń fo egungun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sán. MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń rí i ní kùtùkùtù. Bí wọ́n bá rí i kí ó tó là tán, oṣù mélòó kan ni yóò fi sinmi. Bó bá ti là, ó lè gba ọdún kan gbáko. Àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 22 ló ń ṣe jù, torí egungun wọn kò tíì gbó.

ECB, àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì ní England àti Wales, ti ní ìlànà lórí èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ tí kò ju ọdún 13 lọ, over 5 ní ẹ̀ẹ̀kan, 10 lóòjọ́. Ọmọ ọdún 14 àti 15, over 6 ní ẹ̀ẹ̀kan, 12 lóòjọ́. Láti 16 dé 19, over 7 ní ẹ̀ẹ̀kan, 18 lóòjọ́. Lẹ́yìn tí ọmọ bá sì jù tán, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún iye over kan náà kó tó tún gba bọ́ọ̀lù. Ìlànà náà dára, àmọ́ ibi tó ti ń jò ni pé ilé ìwé ní kóòṣì tirẹ̀, kíláàbù ní tirẹ̀, káńtì ní tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ro àròpọ̀. Ọmọ á ju over 7 lọ́jọ́ Jímọ̀ níléèwé, 12 lọ́jọ́ Sátidé ní kíláàbù, á tún lọ fún ìdánrawò káńtì lọ́jọ́ Àìkú. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rú òfin. Òbí tó bá ra ìwé àkọsílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú, tó ń kọ iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ jù sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ti ìdánrawò pẹ̀lú, ti ṣe ju ohun tí ọ̀pọ̀ akádẹ́mì ń ṣe lọ.

Ẹ wo ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ̀yìn ti gbé èèyàn gbà. James Anderson, ọmọ Burnley, bẹ̀rẹ̀ Test ní Lord's ní 2003, ó sì kó wíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún lọ́jọ́ náà. Àwọn kóòṣì gbìyànjú láti yí bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù padà kó má bàa ṣèṣe. Ní 2006, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sán. Ó padà sí bí ara rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n jù, ó sì jù ú títí di July 2024: Test 188, wíkẹ́ẹ̀tì 704, bọ́ọ̀lù tó lé ní 40,000. Kò sí ajubọ́ọ̀lù oníyára mìíràn láyé tó kó tó bẹ́ẹ̀ ní Test. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni pé láti World Cup 2015 ni kò ti gbá bọ́ọ̀lù funfun fún England mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń sinmi nígbà tí àwọn yòókù ń wọ ọkọ̀ òfurufú.

Tymal Mills gba ọ̀nà kejì. Ọmọ tí wọ́n bí sí Dewsbury ní 1992 yìí ń ju bọ́ọ̀lù tó ń sáré ju máìlì 90 ní wákàtí. Àwọn dókítà rí i pé bí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ àti okùn inú rẹ̀ ṣe súnmọ́ra láti inú oyún kò lè gba over 20 lóòjọ́. Ní 2015 ló fi bọ́ọ̀lù pupa sílẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe owó ló lé. T20 nìkan ni ẹ̀yìn rẹ̀ gbà, ó sì ti ń fi bọ́ọ̀lù 24 jẹun láti ìgbà náà.

Jofra Archer ni ọ̀nà kẹta, èyí tó le jù. July 2019, òun ló ju over àṣekágbá tí England fi gba World Cup. November ọdún náà, wọ́n gbé over 42 fún un nínú ìdúró kan ṣoṣo tí àwọn alátakò fi gbá báàtì ní Mount Maunganui ní New Zealand. Kó tó pẹ́, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sán, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn. Láti February 2021 títí di July 2025 kò gbá Test kankan. A ò ní sọ pé over 42 yẹn nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ajubọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ tó sì lò ó báyẹn, kò mọ ohun tó dì mú. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé bọ́ọ̀lù funfun ló fi kọ́kọ́ padà, ní 2023, kó tó gbìyànjú pupa.

Ohun tó ń pa ajubọ́ọ̀lù jù ni fífò láti ọ̀kan sí èkejì lójijì. Ẹni tó ti ń ju over 4 ní alẹ́ Jímọ̀ fún oṣù méjì, tí káńtì wá pè sí Championship lọ́jọ́ Mọ́ńdé pé kó wá ju 25, inú ewu ló wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló yẹ kó fi gun òkè náà, kí iye bọ́ọ̀lù ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa fi díẹ̀díẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tó ṣáájú lọ. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá kò bá lè fi ètò yẹn hàn yín lórí ìwé, àdéhùn "fún méjèèjì" tó ń gbé wá ń kọ́? Ẹ̀yìn ọmọ yín ló fẹ́ fi dán an wò.

Bátímáànì àti ajubọ́ọ̀lù tó ń lọ́ bọ́ọ̀lù kò ní wàhálà yìí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn wọn a máa ro wọ́n, ìka ẹni tó ń lọ́ bọ́ọ̀lù a máa bó, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí wọ́n á torí rẹ̀ yan ọ̀nà.

Ọwọ́ àti ojú

Bọ́ọ̀lù pupa àti funfun kò yàtọ̀ ní ìwúwo: gíráàmù 156 sí 163. Ìránṣọ wọn ló yàtọ̀. Dukes ní ìlà mẹ́fà tí wọ́n fi ọwọ́ rán, ó ga sókè, ó sì ń pẹ́ kó tó pẹlẹbẹ. Kookaburra, ìlà méjì àárín ni wọ́n fi ọwọ́ rán, ẹ̀rọ ló rán mẹ́rin yòókù, nítorí náà kì í pẹ́ tó fi ń pẹlẹbẹ. Ní oṣù April, tí ilẹ̀ ṣì tutù, Dukes lè tẹ̀ lójú afẹ́fẹ́ fún over 40. Kookaburra funfun máa ń tẹ̀ fún over méjì tàbí mẹ́ta, ó parí.

Iṣẹ́ ajubọ́ọ̀lù pupa, nígbà náà, ni pé kó gbé bọ́ọ̀lù sí ojú kan náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún: ibi tó súnmọ́ igi òde (èyí tó jìnnà sí ẹsẹ̀ bátímáànì jù nínú igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀) tó bẹ́ẹ̀ tí bátímáànì kò fi mọ̀ bóyá kó gbá a àbí kó fi í sílẹ̀. Ajubọ́ọ̀lù funfun kò gbọdọ̀ gbé e sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó nílò ni èyí tó balẹ̀ sí ẹsẹ̀ bátímáànì gan-an, èyí tó lọ́ra tí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ jù, èyí tó fò sí àyà, àti agbára láti jù wọ́n nígbà tí 20,000 èèyàn ń pariwo, tí ọwọ́ sì ti lómi. Mills mọ èyí tó lọ́ra yẹn jù nínú àwọn tí England ní: apá rẹ̀ kì í dín eré kù, bọ́ọ̀lù nìkan ló ń dín in.

Ti bátímáànì tún le jù bẹ́ẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù pupa, ọgbọ́n àkọ́kọ́ ni mímọ ibi tí igi òde rẹ wà, kí o lè fi èyí tó bá kọjá lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ìdánrawò tó wúlò jù kò ní ẹwà: bọ́ọ̀lù 60, kí bí 40 nínú wọn jẹ́ èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀, kí ẹni kan dúró lẹ́yìn kó máa ka àwọn tó fọwọ́ kàn láìyẹ. Nínú T20, over mẹ́fà àkọ́kọ́ ni èèyàn méjì péré nínú àwọn tó ń ṣọ́ pápá fi lè dúró lẹ́yìn òbírí tí wọ́n fà yí àárín pápá ká, bọ́ọ̀lù 25 àkọ́kọ́ ni ti The Hundred. Ẹni tó bá fi mẹ́jọ nínú wọn sílẹ̀ ti pa ẹgbẹ́ rẹ̀ lára. Ìyẹn ni pé ohun kan náà tí wọ́n ń yìn ọ́ fún ní Tuesday ni wọ́n máa fi yọ ọ́ ní Friday.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ pupa. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a lọ sókè. Joe Root, bátímáànì England, ṣe é. Ẹni tó ti fi ọdún márùn-ún tẹ ẹsẹ̀ iwájú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ráyè gbá bọ́ọ̀lù lọ sí orí òrùlé, tí wọ́n wá gbé Dukes tuntun fún ní Durham ní April, ojú á tì í. Jos Buttler ni àwọn èèyàn á dárúkọ láti fi takò wá. Lóòótọ́ ni pé bọ́ọ̀lù funfun ló gbé e padà sínú Test ní 2018, ó sì gbá ayò 863 nínú IPL 2022. Òun ni ọ̀kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Kí ọmọ tí wọ́n bá sì lù ní ìlùkulù nínú T20 má sọ̀rètí nù. September 2007 ní Durban, Yuvraj Singh ti India gbá gbogbo bọ́ọ̀lù mẹ́fà inú over kan Stuart Broad, ajubọ́ọ̀lù England, kọjá ààlà. Broad jẹ́ ọmọ ọdún 21. Ó fẹ̀yìn tì ní 2023 pẹ̀lú wíkẹ́ẹ̀tì Test 604.

Owó

Àdéhùn káńtì ń san oṣooṣù, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, ara líle tàbí ẹsẹ̀ dídá. Físíò (ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti egungun), dókítà àti MRI wà nínú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ń gbá fún England dáadáa lè gba àdéhùn láti ọwọ́ ECB fúnra rẹ̀, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Láti October 2023 ni wọ́n sì ti ń fún àwọn kan ní ti ọdún méjì tàbí mẹ́ta.

Ti bọ́ọ̀lù funfun tóbi ní ojú. Ní The Hundred 2025, ọkùnrin tó wà lókè pátápátá gba £200,000 fún nǹkan bí oṣù kan, ẹni tó wà nísàlẹ̀ gba £31,000. Fún 2026, wọ́n kéde pé gbàǹjo ni yóò rọ́pò bí wọ́n ṣe ń pín àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀. IPL ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, àmọ́, ó ju èje lọ. Ní 2017, Royal Challengers Bangalore ra Mills ní rúpì mílíọ̀nù 120. Ó gbá eré márùn-ún, ó kó wíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún, wọ́n fi í sílẹ̀. Nígbà tó padà sí IPL ní 2022, rúpì mílíọ̀nù 15 ni Mumbai Indians san. Sam Curran, àgbáyò England mìíràn, di ẹni tó wọ́n jù nínú ìtàn gbàǹjo náà ní December 2022, mílíọ̀nù 185. Ní November 2024, mílíọ̀nù 24 ni Chennai Super Kings rí i rà. Curran kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín ọdún méjì yẹn. Ọjà ló yí padà: ẹgbẹ́ mìíràn ní ohun mìíràn tó ń wá.

Nínú owó gbàǹjo, ìjọba ibẹ̀ á yọ owó orí, aṣojú á yọ tirẹ̀, olùdánrawò àdáni àti físíò àdáni á gba tiwọn, torí ẹni tí kò ní káńtì kò ní físíò ọ̀fẹ́ mọ́. Nínú àwọn líìgì kéékèèké, àìsanwó kì í ṣe ìtàn àròsọ: àwọn àgbáyò ti jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì rí tí wọ́n ń retí owó tí kò dé. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí líìgì tí kò mọ̀, kó kọ́kọ́ bi PCA, ẹgbẹ́ àwọn agbákíríkẹ́ẹ̀tì tó ti wà láti 1967. Wọ́n mọ èyí tó ń sanwó àti èyí tó ń dọ́gbọ́n.

Ìṣirò wa ni pé kí ọmọ tó fẹ́ bọ́ọ̀lù funfun nìkan ní owó tó lè gbọ́ bùkátà oṣù 12 nílé ìfowópamọ́ ná, láìka gbàǹjo tó ń bọ̀. Ìpalára kan ní March ti mú IPL, Blast àti The Hundred lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé àṣẹ tí ọ̀pọ̀ kò kà

Kò sí àgbáyò England tó lè lọ gbá líìgì òkèèrè láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ECB. NOC ni wọ́n ń pè é. Láti November 2024 ni wọ́n ti mú un le: ẹni tí àdéhùn káńtì rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù pupa kò ní rí ìwé náà gbà fún líìgì tó bọ́ sí àsìkò eré England, IPL nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ funfun nìkan lè rí i gbà. Ohun tí èyí ṣe ni pé ó sọ àdéhùn "fún méjèèjì" di ẹ̀wọ̀n fún àwọn kan. James Vince, kápútẹ́nì Hampshire, fi bọ́ọ̀lù pupa sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ó gba àdéhùn T20 kó lè lọ gbá líìgì Pakistan. Ọmọ ọdún 33 ni nígbà náà, ó ti gbá Test rẹ̀, ó ti jókòó sórí ohun tó kó jọ. Ìpinnu rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ọmọ ọdún 20 tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń ta oko tí kò tíì gbìn.

Ọ̀nà kejì náà ní ọ̀pá tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rà ní gbàǹjo IPL, tó wá sọ pé òun kò wá mọ́ láìsí ìpalára, ọdún méjì ni wọn kò ní gbà á. Ó ṣẹlẹ̀ sí Harry Brook, bátímáànì England, ní March 2025, nígbà tó yọ ara rẹ̀ kúrò ní Delhi Capitals torí iṣẹ́ England.

Ta ni kó mú èwo?

Bátímáànì tó ń ṣí eré, tó máa ń pẹ́ kó tó jáde: pupa, láìjiyàn. Alastair Cook kò ju T20 mẹ́rin lọ fún England, ó sì fi Test 161 kó ayò 12,472.

Ajubọ́ọ̀lù tó ń mú bọ́ọ̀lù tẹ̀ ní máìlì 80 sí 85: pupa pẹ̀lú. Nínú T20, bí bọ́ọ̀lù bá ti kọ̀ láti tẹ̀, kò ní ohun mìíràn lọ́wọ́.

Ajubọ́ọ̀lù tó ń ju máìlì 90: méjèèjì, bí MRI bá mọ́ tónítóní. Bí egungun ẹ̀yìn bá ti sán lẹ́ẹ̀mejì, tí ọmọ náà kò sì tíì pé 25, kí ó gba funfun nìkan fún ọdún méjì, kó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun lè padà.

Ẹni tó ń fi ọrùn ọwọ́ lọ́ bọ́ọ̀lù: ilẹ̀ England tutù jù fún un ní April, káńtì kì í sì ní sùúrù. Adil Rashid, ọmọ Bradford, sọ ní February 2018 pé funfun nìkan lòun fẹ́ gbá fún Yorkshire. Oṣù July ọdún náà, England pè é sí Test bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan, inú sì bí àwọn kan ní Yorkshire. Ilẹ̀kùn pupa kì í ti pátápátá fún ẹni tó ní ohun tí kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́. Fún bátímáànì lásán, ó máa ń tì.

Ìwé kíkà, àti àwọn òbí tó wà ní gúúsù London

Bọ́ọ̀sì 36 láti Peckham máa ń gba iwájú ibùdó Oval kọjá, tí kò jìnnà sí pápá Surrey, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń wọ̀ ọ́ kò tíì wọ pápá náà rí. Ètò ACE tí Ebony Rainford-Brent, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gbá fún England, dá sílẹ̀ ní Surrey ní January 2020 ń wá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ó kọ́kọ́ darí òbí sí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Nàìjíríà náà lè gbá fún England bó bá ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Britain, tó sì ti gbé ibẹ̀ ọdún mẹ́ta, ó kéré tán ọjọ́ 210 lọ́dún. Ọdún méje ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀, títí di ìparí 2018.

Ìbéèrè tí àwọn bàbá àti ìyá wa máa ń kọ́kọ́ bi ni ti sátífíkéètì, wọn kò sì jẹ̀bi. Pupa ló rọrùn láti pa pọ̀ mọ́ yunifásítì, torí ètò kíríkẹ́ẹ̀tì tó lágbára wà ní Durham, Loughborough, Cardiff, Leeds/Bradford, Oxford àti Cambridge. Andrew Strauss ka ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní Durham kó tó di kápútẹ́nì England. Líìgì òkèèrè kì í dúró de ìdánwò.

Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin

Ìfiwéra yìí kò kàn án tó bẹ́ẹ̀, torí káńtì kò ní eré ọlọ́jọ́ mẹ́rin fún àwọn obìnrin. Over 50 àti T20 ni wọ́n ń gbá, Test kò sì ju ọ̀kan tàbí méjì lọ lọ́dún. Àdéhùn alákòókò kíkún àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin England dé ní 2014. Ní 2025, káńtì mẹ́jọ ló ní ẹgbẹ́ obìnrin ní ìpele àkọ́kọ́, owó òkè ní The Hundred sì jẹ́ £65,000 lọ́dún náà. Káńtì wo ni kó mú ni ìbéèrè tirẹ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀lù wo.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ẹ wá gbólóhùn mẹ́ta nínú ìwé àdéhùn. Èkíní, ta ló ni oṣù October sí March: ṣé ọmọ lè lọ gbá ní Australia láìtọrọ, àbí káńtì ló ń pinnu? Èkejì, bó bá ṣèṣe níbi líìgì òkèèrè, ta ló ń san owó oṣù rẹ̀ nígbà tó bá wà nílé, ta ló sì ń san iṣẹ́ abẹ? Ẹ̀kẹta, ọjọ́ wo ni káńtì gbọ́dọ̀ sọ pé òun kò ní tún àdéhùn ṣe? Bí ọjọ́ yẹn bá jẹ́ ìparí September, àwọn káńtì yòókù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán. Ẹ ní kí wọ́n fà á wá sí July.